Sípíkà Tí Kò Dá Màmá Lóhùn

Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní Òsí bi mí lẹ́yìn ìsìn bóyá iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn lè kọ́ lóde òní. Ó ti jáde girama. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́ irun, bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì káńsù ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, òun alára kò tíì mọ èyí tí òun fẹ́. N kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ rò ó. Ohun tí mo rò nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á, nítorí bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, àárín ọ̀nà ni n ó ti dákẹ́.

Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé títí di ọdún tó kọjá tí mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Bí mo ṣe bọ́ sídìí rẹ̀ kò gùn. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí ní Odò-Ọwá, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ náà wò pọ̀ ju bí mo ṣe ń fi í ránṣọ lọ, ni ìyá aránṣọ bá dá mi padà fún bàbá mi. Bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ní, "Ẹ bá mi gba ọmọ yìí. Ohun tó bá ti rí ló máa ń tú."

Ọkùnrin náà bi í bóyá mo máa ń tò ó padà. Bàbá mi ní nígbà míràn. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá mi kò lu ọmọ iṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló bẹ̀rù rẹ̀. Àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta la wà níbẹ̀, èmi nìkan ni obìnrin, kò sì fi ìyẹn dá mi sí. Bí o bá ń tú rédíò, o ní láti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí o to àwọn nọ́ọ̀tì ìdè rẹ̀ sórí aṣọ náà bí o ṣe ń tú wọn, kí èyí tó kọ́kọ́ jáde wà lọ́wọ́ òsì. Bí o bá sín, tí ìdè kan sì yí kúrò láyè rẹ̀, o máa to gbogbo rẹ̀ padà sínú rédíò, kí o sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ iṣu sísun nídìí tábìlì iṣẹ́ kò ní fọwọ́ kan nǹkankan mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ìyà tó le jù ni kí ó gbé rédíò tó ń hó ṣìì lé ọ lọ́wọ́, kí ó ní kí o lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí o máa fetí sí i títí o ó fi lè sọ ohun tó ń ṣe é láìṣí i. Bí ó bá jáde wá bi ọ́, tí o sì fèsì tí kò tọ̀nà, á padà wọlé láìsọ ohunkóhun. Ìwọ á sì mọ̀ pé o ṣì ń jókòó.

Èmi ni mo jókòó sábẹ́ igi yẹn jù. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Ọwọ́ mi ló yá jù. Kí oníbàárà tó kí wa tán, mo ti mú túnàfísì tí a fi ń tú ìdè.

Ilé Ọ̀gá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni mo ń gbé, tí mo sì ń jẹun fún ọdún mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Màmá Báyọ̀, jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ ilé ọkọ gan-an. Kò pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé náà lórúkọ. Àbúrò Ọ̀gá kan wà tí ó jẹ́ ọmọ ìkókó nígbà tí Màmá wọlé. "Akọ̀wé mi" ni ó ń pe ọmọ náà láti kékeré títí tó fi di awakọ̀ tí kò kọ nǹkankan rí. Nínú yàrá ìgbàlejò wọn, wọ́n gbé àwòrán bàbá Ọ̀gá kọ́. Ó ti kú kí n tó débẹ̀. Ó jókòó sórí àga nínú àwòrán náà, ó le ojú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Bàbá Ìta ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí ìta ni wọ́n ní ó máa ń jókòó sí. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó burú jù nínú gbogbo iṣẹ́ wa ṣẹlẹ̀ nígbà ìkórè. Ìjọ kan gbé ámúpílífáyà wọn wá, wọ́n ní ó máa ń hu fíìì nígbà tí Alùfáà bá ń wàásù. Ọ̀gá ṣí i, ó pààrọ̀ ohun méjì tó fura sí, ó dán an wò lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi wọ́n gbé e padà. Ó tún hu. Ọ̀gá tún ṣí i, ó tún pààrọ̀ nǹkan, ó tún mọ́ gaara. Nígbà tí wọ́n gbé e dé lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti ń wò wá bí ẹni tó ń fi nǹkan ìjọ ṣeré. Ọ̀gá fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ búra pé kò ní hu lọ́jọ́ ìkórè, ó sì kó gbogbo wa lọ síbẹ̀ kí a lè wá gbọ́ bí kò ṣe ní hu.

Wọ́n ti so ewúrẹ́, àgbò àti àwọn adìẹ tí wọ́n fẹ́ lù ní gbàǹjo mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Alùfáà gun orí àga ìwàásù, ó gbé màíkì sẹ́nu, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a." A kò mọ ohun tó fẹ́ kí a ṣe títí di òní. Ámúpílífáyà náà hu, ó hu débi pé mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Àgbò tó tóbi jù fò sókè, ó sì fa bẹ́ǹṣì tòun ti àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta tó jókòó lé e lórí. Ewúrẹ́ méjì já wọ àárín akọrin. Àwọn ọkùnrin ohùn ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ sá. Àkùkọ kan fò gun orí dùùrù, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Nínú gbogbo rúkèrúdò yẹn, mo rí Ọ̀gá tó ń rọra rìn lọ síwájú. Kò wo ámúpílífáyà rárá. Ó dúró, ó ń wo ibi tí sípíkà wà. Wọ́n gbé e sẹ́yìn àga ìwàásù, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀yìn Alùfáà, tó fi jẹ́ pé ohùn tó ń jáde lára sípíkà ni màíkì tún ń gbé mì. Ó béèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Bàbá ìjọ kan ní òun ni, kí Alùfáà náà lè máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọ̀gá gbé sípíkà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó yí ojú rẹ̀ sí àwọn èèyàn. Bí ìhu náà ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò ní àrùn kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní, "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí nǹkan oní-nǹkan títí olúwa rẹ̀ yóò fi lò ó lójú wa, bí ó ṣe ń lò ó nílé gan-an. Bí ó bá sì ń lò ó, kí ẹ dákẹ́."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó kù kò ní ìṣòro pẹ̀lú òfin yìí. Èmi ni túnàfísì máa ń wà lọ́wọ́ mi kí n tó rántí. Ọ̀gá á wulẹ̀ sọ láti ibi tó jókòó sí pé, "Dúró ná." Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi rò pé orúkọ mi ni. Àwọn ará Kòrò àti Ìlọ́fà máa ń dé, wọ́n á ní Dúróná ni àwọn wá rí. Nígbà tó yá, Màmá náà ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo máa sọ ẹyọ kan nínú ohun tí òfin yẹn fi hàn mí. Tíṣà kan gbé rédíò wá, ó ní òun kò gbọ́ ìròyìn alẹ́ tán rí nílé, rédíò náà máa ń kú kí wọ́n tó parí rẹ̀. Lórí tábìlì wa, ó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ọ̀gá rán mi tẹ̀lé e lọ sílé. Mo jókòó, mo dákẹ́. Ó ti rédíò náà bọ ojú ihò iná tí wọ́n so pọ̀ mọ́ gílóòbù, tí ṣùìṣì kan náà ń tan àwọn méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ parí iṣẹ́, ó yán, ó ní oorun ń kun òun, ó sì pa iná. Rédíò kú. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní ṣé mo ti rí i báyìí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ báyẹn, òun àti ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá kan náà.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ya ṣọ́ọ̀bù ní Òsí. Ohun tí a ń tún ṣe sì ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, rédíò tóbi bí àpótí, bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ, tí agbára bátìrì bá sì ti ń lọ, wọ́n á sá a sórí páànù kí oòrùn lè jí i. Kásẹ́ẹ̀tì dé, mo sì di ẹni tí kò ṣe aláìní bírò rí, nítorí bírò ni a fi ń ká téèpù tó bá ti tú. Tẹlifíṣọ̀n dé, gbogbo ènìyàn sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí kí wọ́n tó gbé e wá. Fóònù ló gbẹ̀yìn. Àwọn nǹkan inú rẹ̀ kéré bí iyọ̀. Mo ra gíláàsì tí a fi ń wo nǹkan kékeré, mo tún ra èyí tó nípọn jù ú lọ, títí tó fi di pé bí mo bá mí, ohun tí mo fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná lẹ̀ á fò lọ. Àwọn ènìyàn náà kò tún nǹkan ṣe tó bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo fọ àpò irinṣẹ́ mi, mo fi í kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo rò pé mo ti ṣe tán nìyẹn.

Ní àkókò òjò tó kọjá, Màmá ṣubú lẹ́yìn ilé. Ojú Ọ̀gá ti fọ́ pátápátá nígbà náà. Ó gbọ́ ìró ìṣubú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tọ ara ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí fóònù wà. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, títí aládùúgbò kan fi yọjú. Nígbà tí Báyọ̀ gbọ́, ó ní ó tó. Báyọ̀ ni àkọ́bí wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Ìlọrin. Ó fẹ́ kó àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Ọ̀gá ní inú ilé yìí ni òun ti mọ ibi tí ògiri wà, bí wọ́n bá gbé òun lọ sí Ìlọrin, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọ́jú níbẹ̀.

Ni Báyọ̀ bá ra sípíkà kan wá. Kékeré ni, ó rí rìbìtì, kò ga ju kọ́ọ̀pù lọ. Ènìyàn kì í fọwọ́ kàn án. Orúkọ ni a máa ń pè é, iná á tàn yí orí rẹ̀ ká, yóò sì ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe. Orúkọ tó bá wu oní-nǹkan ló lè sọ ọ́, orúkọ yẹn nìkan ló sì máa dá lóhùn. Báyọ̀ ti kọ́ ọ ní àwọn àṣẹ bíi mélòó kan ní Yorùbá: pe Báyọ̀, sọ aago, ka Bíbélì, ṣí rédíò, panu dé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, tàbí tí ara kò yá, wọ́n á pe ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà á sì pe Báyọ̀. Ó gbé e sórí tábìlì yàrá ìgbàlejò, lábẹ́ àwòrán Bàbá Ìta. Ó ní bí wọ́n bá lè máa lò ó, kí wọ́n máa gbé ilé wọn. Bí wọn kò bá lè lò ó, òun á gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó parí oṣù, òun á sì kó wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù náà ni Màmá pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Dúróná, ẹ̀rọ yẹn kò dá mi lóhùn. Bá mi wò ó kí Báyọ̀ tó dé."

Mo mú àpò irinṣẹ́ mi kúrò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo wọ takisí, ọ̀nà ti bàjẹ́, a sọ̀kalẹ̀ tì í lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé Odò-Ọwá. Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ mi kí n tó kí i. Mo bi í léèrè nípa ẹ̀rọ náà, ó ní òun kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Ó ní rédíò tí òun mọ̀ ló máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, òun kò mọ èyí tí ènìyàn á kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wo iná, sólà ń gbé e dáadáa. Mo wo wáyà, ó wọlé dé ìdí. Mo wo ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì, dátà wà nínú rẹ̀, mo sì tún gbé e sún mọ́ fèrèsé. Sípíkà náà ní bọ́tìnì kan lórí tí wọ́n máa ń tẹ̀ bí wọn kò bá fẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo wò ó, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo pe Báyọ̀ pé kí ni orúkọ tí ó sọ ọ́. Ó ní Ajíbádé.

Mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ajíbádé." Iná tàn yí i ká. Mo ní kí Ajíbádé sọ aago, ó sọ ọ́. Mo ní kí Ajíbádé ka Bíbélì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Jẹ́nẹ́sísì. Màmá ń gbé omi bọ̀ fún mi lórí tíréè. Omi dà sílẹ̀, Màmá sì yíjú padà sí ilé ìdáná. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ló dẹ́rù bà á. Nígbà tó padà dé, mo ní kí ó má bẹ̀rù, kí ó wo bí ó ṣe rọrùn tó. Mo ní, "Ajíbádé, panu dé." Ó pa á dé. Mo tún ní, "Ajíbádé, ṣí rédíò. Ajíbádé, ó ti tó, panu dé."

Ọ̀gá húkọ́. Ó ní, "Ìwọ náà, ó ti tó."

Mo sọ fún Báyọ̀ lórí fóònù pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ní òun mọ̀. Gbogbo ẹni tó bá yà síbẹ̀ ló ń dá lóhùn, ó ku àwọn méjì tí òun rà á fún. Òun ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pàápàá. Ó ní wọn kò pè é ni, wọ́n á kàn ní àwọn pè é. Ó ní kò bí òun nínú, òun mọ̀ pé arúgbó kì í fẹ́ kúrò nílé rẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, bí Màmá bá tún ṣubú ńkọ́?"

Mo wo Màmá. Ó jókòó sí etí àga bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gbé lọ síbi tí kò mọ̀. Ó ti di ẹrù kan tán, mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá. Ó ní òun pe ẹ̀rọ náà. Màmá kò purọ́ fún mi rí. Mo pinnu láti ṣí i. Mo fa síìpù àpò mi.

Láti orí àga rẹ̀, ẹni tí kò rí mi ní, "Dúró ná."

Ojú tì mí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi lo ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí mo ti dé, oní-nǹkan kò tíì lò ó lójú mi. Mo da túnàfísì padà sínú àpò. Mo gbé àga sí kọ̀rọ̀, mo ní kí Màmá lò ó bí ó ṣe ń lò ó nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni, kí ó ṣe bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Èyí kò nira fún un, torí pé bí mo bá dákẹ́, àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé mi lóòótọ́.

Màmá dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó lọ dúró níwájú tábìlì, ó sì rọra fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe Báyọ̀."

Sípíkà náà ń wò ó. Màmá dúró díẹ̀, bí a ṣe ń dúró fún àgbà kí ó ronú. Ó tún ní, "Bàbá Ìta, ẹ má bínú pé mo ń dà yín láàmú. Báyọ̀ ni mo ní kí ẹ bá mi pè, ọmọ yín."

Nígbà tí kò dáhùn, ó yíjú sí mi lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní ṣé mo ti rí i báyìí.

Mo wo sípíkà, mo wo àwòrán tó wà lókè rẹ̀. Mo béèrè pé, "Màmá, ta ló ń jẹ́ Ajíbádé?"

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Bàbá mi ni."

Ọdún mẹ́fà ni mo gbé nínú ilé yẹn, mo ń jẹun lábẹ́ àwòrán yẹn, n kò gbọ́ orúkọ náà rí, nítorí kò sí ẹni tó lè pè é. Mo wá rántí gbogbo ohun tí mo ti sọ láti ìgbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀ fún àwòrán náà, mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìta le ojú mọ́ mi bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wá tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n kò pe orúkọ yẹn rí, kódà nínú àdúrà. Ṣé ìgbà tí mo di arúgbó ni kí n wá máa ní kí wọ́n panu dé?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá?"

Ó ní, "Bàbá mi kò jẹ́ iṣẹ́ fún mi rí. Òun ló ń rán mi níṣẹ́. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Mo bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi sọ fún Báyọ̀. Màmá ní ọmọ náà fi orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà dá àwọn lọ́lá, ó ní kí orúkọ náà lè tún máa dún nínú ilé. Àwọn ti dúpẹ́, àwọn ti wúre fún un. Báwo ni àwọn ṣe fẹ́ padà wá ní àwọn kò fẹ́? Ó ní òun rò pé bí òun bá ń rọra bẹ̀ ẹ̀rọ náà, yóò mọ ohùn òun bó bá yá.

Mo pe Báyọ̀, mo sọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, ó sì ní òun náà yóò wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwòrán bí òun bá dé. Ó ní òun lè yí orúkọ náà padà láti Ìlọrin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti wá bẹ̀rẹ̀. Báyọ̀ ní Fẹ́mi. Màmá ní rárá, orúkọ Akọ̀wé òun nìyẹn. Báyọ̀ ní Ṣọlá. Màmá ní orúkọ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá tó wà ní Ìlọ́fà nìyẹn. Báyọ̀ ní Tóyìn. Màmá ní orúkọ ọmọ ìyá àgbà nínú ilé nìyẹn, òun sì ni kò ní dárí jì wọ́n jù bó bá gbọ́. A ka ìdílé náà já láti òkè dé ilẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báyọ̀ ní ṣé kí òun wá sọ ọ́ ní Àga ni.

Ọ̀gá mì lórí àga rẹ̀. Ó ní kí a dúró. Ó ní ta ni ènìyàn lè rán níṣẹ́ nígbàkígbà, tó lè jágbe mọ́, tó lè ní kí ó panu dé, tí kò sì sí ẹni tí yóò bínú nínú ìdílé? Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní ọmọ iṣẹ́ ni. Ó kọ ojú sí kọ̀rọ̀ tí mo wà.

"Ẹ sọ ọ́ ní Dúróná."

Mo la ẹnu láti sọ nǹkan. Wọ́n ti ń sọ fún Báyọ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wà níbẹ̀ nígbà tí Báyọ̀ gbé mọ́tò dé. Ó ti kó àwọn nǹkan ẹ̀yìn mọ́tò kúrò kí ẹrù lè gbà. Kò tíì bọ́ sílẹ̀ tí Màmá fi wọ yàrá ìgbàlejò. Kò kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí bí ó ṣe máa ń ṣe níwájú kíláàsì, ó ní, "Dúróná, pe Báyọ̀ fún mi, kíá."

Fóònù dún lọ́wọ́ Báyọ̀ níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó wò ó pẹ́ kí ó tó gbé e. Ó ní, "Màmá, mo wà lẹ́nu ọ̀nà."

Màmá ní, "Mo mọ̀. Wọlé wá jẹun."

Iṣu ni a kó sẹ́yìn mọ́tò náà nígbà tó ń padà lọ sí Ìlọrin. Màmá tú ẹrù tó dì, ó kó aṣọ padà sí ààyè wọn. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí wọ́n bá sọ fún àlejò pé kí ó dúró ná, ẹ̀rọ náà á bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.

Ọmọ mi, o bi mí bóyá iṣẹ́ yìí ṣì ṣeé kọ́. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni mo máa ń wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun báyìí, èmi alára ṣì ń kọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ti padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí a jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Bí ó bá jágbe pé Dúróná, àwa méjì là ń dáhùn, mo sì máa ń ti dìde kí n tó rántí pé kì í ṣe èmi ni ó ń pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, "Dúróná, aago mélòó ló lù?" Mo wo aago ọrùn ọwọ́ mi, mo sọ ọ́. Ẹ̀rọ náà sọ tirẹ̀. Kò dọ́gba.

Ọ̀gá ní kí n gbé aago mi wá. Mo bọ́ ọ, mo sì na ọwọ́ sí àpò irinṣẹ́ mi. Ó ní kí n dúró ná, kí n má tíì ṣí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ padà, kí òun fi ọwọ́ kàn án wò bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ nílé.